Iye Tí Wọ́n Kà àti Iye Tí Wọ́n San: Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Ààbò

Láti ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 2025, tí Ààrẹ Bola Tinubu ti gbé àbá ètò ìṣúná ọdún 2026 lọ síwájú àwọn aṣòfin àpapọ̀ ní Àbújá, àríyànjiyàn kan náà ni mò ń gbọ́ níbi gbogbo tí àwa ọmọ Okun, Yorùbá ìwọ̀-oòrùn Kogí, bá ti pàdé, ìbáà jẹ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, tàbí lórí WhatsApp tí àwọn ọmọ ìlú tó wà nílé àti lẹ́yìn odi ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nínú ₦58.18 tírílíọ̀nù tí Ààrẹ kà, ₦5.41 tírílíọ̀nù ni ó ní kí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ètò ààbò. Owó yìí ju ₦3.56 tírílíọ̀nù tó wà fún ọ̀nà àti àwọn ohun amáyédẹrùn lọ, ó ju ₦3.52 tírílíọ̀nù ti ẹ̀kọ́ lọ, ó sì ju ìlọ́po méjì ₦2.48 tírílíọ̀nù ti ìlera. Àwọn kan láàárín wa ní owó náà ti pọ̀ jù, wọ́n ń tọ́ka sí ilé ẹ̀kọ́ tí atẹ́gùn ti ṣí òrùlé rẹ̀ àti ilé ìwòsàn tí kò ní oògùn. Àwọn mìíràn ní ó kéré, pé orí ni à ń gbà là kí a tó máa wá fìlà.

Mo fara mọ́ ọn pé kí orílẹ̀-èdè yìí ná owó gidi lórí ààbò, n kò sì ní fi èyí pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń dùn mí nínú àríyànjiyàn yìí ni pé iye tí wọ́n kà létí wa ni apá méjèèjì ń jà lé lórí. Ẹni tó ní ó pọ̀ àti ẹni tó ní ó kéré gbà pọ̀ pé owó náà wà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń béèrè iye tó jáde gan-an láti inú àpò ìjọba, ìgbà tó jáde, ẹni tí wọ́n san án fún, àti ohun tí wọ́n fi rà. Ìbéèrè wọ̀nyí ni mo fẹ́ kí a gbájú mọ́, pàápàá jù lọ àwa tí a wà ní ìwọ̀-oòrùn Kogí, nítorí pé ìdáhùn wọn ni yóò sọ bóyá ológun yóò wà nínú igbó wa tàbí kò ní sí.

Kò sí ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Okun tó lè sọ pé owó ààbò kò nídìí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ilé ìjọsìn CAC ní Èrúkù, ìlú Kwárà tí kò jìnnà sí Ẹ̀gbẹ̀ wa rárá, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn wọ inú igbó lọ. A kò tíì mí kanlẹ̀ tí wọ́n fi dé Ejíbà ní Yàgbà ní ọjọ́ 30 oṣù kan náà, tí wọ́n gbé olùṣọ́-àgùntàn ìjọ Kérúbù àti Séráfù kan, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ lọ. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá, ọjọ́ márùn-ún péré kí Ààrẹ tó ka ìṣúná, ìjọ ECWA ní Aiyétòrò-Kírì ní agbègbè Bùnú ni wọ́n tún kọlù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín oṣù kan, ilé Ọlọ́run sì ni gbogbo rẹ̀. Bí a bá tún rántí òru ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, tí àwọn agbébọn fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàbà tí ẹlẹ́wọ̀n 240 sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, a ó mọ̀ pé ìṣòro yìí ti ń gbèrú láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn àgbẹ̀ tí oko kòkó, kọfí àti kajú wọn wà nínú egàn ti padà sí oko etílé, èyí tí kò lè bọ́ ẹbí débi kan. Èyí túmọ̀ sí pé ebi àti àìlè rán ọmọ lọ síléèwé náà wà nínú ohun tí àìsí ààbò ń fà, nítorí náà ẹni tó bá ya ọ̀rọ̀ ààbò kúrò lára ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àti oúnjẹ kò mọ bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ wa.

Ààrẹ fúnra rẹ̀ rí i pé ọ̀ràn náà ti le. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ó kéde pàjáwìrì lórí ètò ààbò jákèjádò orílẹ̀-èdè, ó sì pàṣẹ kí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá gba 20,000 ènìyàn sí i, kí iye àwọn tí wọn yóò gbà lè di 50,000. Àṣẹ yìí tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ènìyàn 50,000 nílò owó oṣù, aṣọ, ibùgbé, ọkọ̀, epo ọkọ̀ àti ìbọn, ní ọdún yìí, ní ọdún tó ń bọ̀, àti ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìkéde ò ju ọjọ́ kan lọ, ìnáwó rẹ̀ ni kò ní tán.

Ẹ jẹ́ kí n wá gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí n kò gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń pariwo pé owó náà ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ní ọdún 2024, ₦3.25 tírílíọ̀nù ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún ààbò. Nínú àbá tí Ààrẹ kà fún ọdún 2025, ó di ₦4.91 tírílíọ̀nù, ìyẹn ni pé ó fi nǹkan bí ìdajì pọ̀ sí i. Ojú ẹni tó bá wo náírà nìkan yóò rí i pé ìjọba ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n dọ́là ni a fi ń ra púpọ̀ nínú ohun ìjà, ọkọ̀ òfurufú àti ẹ̀rọ tí a fi ń ṣọ́ igbó láti òkè. Àwọn aṣòfin fi ₦800 sí dọ́là kan ṣe ìṣirò ìṣúná ọdún 2024, wọ́n sì fi ₦1,500 ṣe ti ọdún 2025. Bí a bá pín in, ₦3.25 tírílíọ̀nù jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là, nígbà tí ₦4.91 tírílíọ̀nù kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Náírà gòkè, dọ́là rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ti ọdún 2026 tí a ń jà lé lórí yìí, pẹ̀lú ₦1,400 sí dọ́là kan tí wọ́n lò, kò tíì tó bílíọ̀nù mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ burú ju bí ìwé ṣe kọ ọ́ lọ, nítorí pé ₦800 tí wọ́n fi ṣe ìṣirò ọdún 2024 kò dúró. Kí ọdún náà tó parí, dọ́là kan ti kọjá ₦1,500 lọ́jà, ìyẹn ni pé ẹni tó ṣètò láti fi owó ọwọ́ rẹ̀ ra ohun èlò mẹ́wàá láti òkè òkun kò lè rà ju márùn-ún tàbí díẹ̀ sí i lọ. Lóòótọ́, náírà ni a fi ń san owó oṣù ọmọ ogun, owó oṣù sì ló kó apá tó pọ̀ nínú owó yìí. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun tó ń gba náírà náà ń ra ìrẹsì lọ́jà kan náà tí èmi àti ẹ̀yin ń ná, ó ń sanwó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, ó sì ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ nílé. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún wa pé owó ààbò ti di ìlọ́po, ó tọ́ kí a béèrè bóyá ọta ìbọn náà ti di ìlọ́po. A ti ní iléeṣẹ́ tó yẹ kó máa rọ àwọn ohun ìjà wọ̀nyí lábẹ́lé, ìyẹn DICON ní Kàdúná, láti ọdún 1964, òfin tuntun tí yóò fún un lágbára sì jáde ní ọdún 2023. Bí iléeṣẹ́ yìí bá lè pèsè ọta àti ìbọn tí àwọn ọmọ ogun nílò, ìyípadà owó òkèèrè kò ní máa já wa kulẹ̀ báyìí.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó tó jáde, nítorí ibẹ̀ gan-an ni omi ti wọ inú ìgò. Nínú ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ sọ lọ́jọ́ 19 oṣù Kejìlá, ó jẹ́wọ́ pé títí di ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ₦3.10 tírílíọ̀nù péré ló jáde nínú owó iṣẹ́ àkànṣe tí wọ́n fọwọ́ sí fún ọdún náà, èyí tó jẹ́ ìdá 17.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó iṣẹ́ àkànṣe ni owó tí a fi ń kọ́ bárékè, tí a fi ń ra ọkọ̀, tí a fi ń ra ẹ̀rọ. Oṣù mẹ́sàn-án ti kọjá nínú oṣù méjìlá, owó tó jáde kò sì tó ìdá kan nínú márùn-ún. Gbogbo ẹ̀ka ìjọba ni iye yìí kàn, kì í ṣe ààbò nìkan, ṣùgbọ́n kò sí bí àpò kan ṣe lè gbẹ tí gbogbo ẹni tó ń ti inú rẹ̀ mu kò ní mọ̀ ọ́n lára.

Ohun tó fa èyí kò fara sin. Wọ́n máa ń fojú bu owó tí yóò wọlé ju bó ti yẹ lọ, wọ́n á so ìnáwó mọ́ epo rọ̀bì tí a kò tíì fà jáde nínú ilẹ̀, bí owó kò bá sì wọlé tó, owó oṣù àti gbèsè ni wọ́n á kọ́kọ́ san, iṣẹ́ àkànṣe ni yóò wá máa retí. Lẹ́yìn náà, dípò kí wọ́n pa ìwé ọdún tó kọjá dé, wọ́n á fa ọjọ́ rẹ̀ gùn wọ inú ọdún tuntun. Ní ọdún 2024, ìṣúná ọdún 2023, àfikún tí wọ́n ṣe fún un, ìṣúná ọdún 2024 àti àfikún tiẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Keje, gbogbo wọn ló ń rìn papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo bí ọ̀gá ológun kan ṣe lè fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣètò ogun. Kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ tí wọ́n ṣèlérí fún un wà nínú owó ọdún tó kọjá tàbí ti ọdún yìí, aṣòfin tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kò sì mọ ìwé tí yóò ṣí. Ààrẹ ti ṣèlérí pé àṣà yìí yóò dópin, pé kí gbogbo gbèsè iṣẹ́ àkànṣe àtẹ̀yìnwá ti di títì kí ó tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2026. Ìlérí yìí ṣe pàtàkì lójú mi ju ₦5.41 tírílíọ̀nù náà lọ. Bí wọ́n bá mú un ṣẹ, a ó lè máa ka owó ọdún kan fún ọdún kan.

Òfin kò ṣaláì sọ bí ó ṣe yẹ kí nǹkan máa lọ. Abala 81 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní kí Ààrẹ gbé ìṣirò ìnáwó lọ síwájú àwọn aṣòfin, abala 80 sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fa owó yọ nínú àpò ìjọba láìjẹ́ pé àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i. Abala 85 fún Olùṣàyẹ̀wò Àgbà fún ìwé owó ìjọba ní agbára láti yẹ ìwé wò kí ó sì jábọ̀ fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Lórí ààbò, ihò kan wà tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀: òfin tó ń darí bí ìjọba ṣe ń ra nǹkan, èyí tó jáde ní ọdún 2007, yọ àwọn ohun àkànṣe tó jẹ mọ́ ààbò orílẹ̀-èdè sílẹ̀, àyàfi bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i pé kí òfin náà kàn wọ́n. Ìyẹn ni pé ìpolówó iṣẹ́ àti ìdíje láàárín àwọn kọngílá, tí ó pọn dandan fún ẹni tó fẹ́ ta àga fún iléèwé, kò pọn dandan fún ẹni tó fẹ́ ta ìbọn fún ìjọba. Àwọn ìwé ìròyìn Olùṣàyẹ̀wò Àgbà náà sì máa ń pẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó jáde, nígbà tí ẹni tó náwó ti fẹ̀yìntì tàbí tó ti kú.

Ohun tí irú ihò bẹ́ẹ̀ ń bí, a ti fojú ara wa rí i. Ní ọdún 2015, ẹ̀sùn jáde lórí bílíọ̀nù méjì lé díẹ̀ dọ́là tí wọ́n ní ó wà fún ohun ìjà láti bá Boko Haram jà, wọ́n sì gbé ẹni tó ti jẹ́ olùdámọ̀ràn lórí ààbò tẹ́lẹ̀, Sambo Dasuki, lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, olùdámọ̀ràn mìíràn, Babagana Monguno, sọ fún BBC Hausa pé ìjọba ti fi owó púpọ̀ sílẹ̀ fún ohun ìjà ṣùgbọ́n wọn kò rí ohun ìjà náà. Ọ́fíìsì rẹ̀ jáde lẹ́yìn náà láti sọ pé wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Nínú àfikún ìṣúná ọdún 2023, abẹ́ orí àwọn ọmọ ogun ojú omi ni wọ́n kọ ₦5 bílíọ̀nù ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ fún Ààrẹ sí, kí ariwo àwọn ará ìlú tó mú kí Ilé Aṣojú-ṣòfin yọ ọ́ kúrò tí wọ́n sì fi owó náà kún ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìtàn ọkọ̀ yìí máa ń fún mi ní ìrètí. Ohun tó mú un bọ́ sójú táyé ni pé àwọn ènìyàn ṣí ìwé, wọ́n kà á láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n sì rí ìlà kan tí kò yẹ kó wà níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà tó ṣòro díẹ̀ jù wọ̀nyí lọ, n kò sì fẹ́ fò ó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ̀wé sí àwọn aṣòfin pé òun ti fọwọ́ sí i kí wọ́n san $496 mílíọ̀nù fún ìjọba Amẹ́ríkà láti ra ọkọ̀ òfurufú ogun Super Tucano 12, kí àwọn aṣòfin tó fọwọ́ sí owó náà. Inú bí àwọn kan nínú ilé débi tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ìyọnípò. Àwọn ọkọ̀ náà dé ní ọdún 2021, wọ́n sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìjọba náà yóò sọ pé ẹ kò rí i, ọkọ̀ dé, kí ni ẹ tún ń wí? Èsì mi ni pé ọkọ̀ dé nítorí pé ìjọba orílẹ̀-èdè mìíràn ló tà á fún wa lábẹ́ òfin tiwọn, tí wọ́n ní ìwé fún gbogbo ohun tí wọ́n gbà. Bí Ààrẹ kan bá lè san owó ṣáájú àṣẹ kí ó sì yọrí sí rere lónìí, òmíràn yóò san án lọ́la fún alágbàtà tí a kò mọ̀, yóò sì sọ pé àṣà ti wà nílẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé tú síta, pé ọ̀tá ń gbọ́. Mo gbà pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni mọ igbó tí àwọn ọmọ ogun fẹ́ wọ̀ lálẹ́ òní, tàbí iye ìbọn tó wà ní bárékè kan. Ṣùgbọ́n agbébọn wo ni yóò jàǹfààní bí ó bá mọ̀ pé wọ́n san owó fún kọngílá kan ní ọdún 2024 tí kò sì kó ọkọ̀ wá? Àṣírí tó yẹ ni ti ibi tí ohun ìjà ń lọ. Bí owó ṣe rìn, ẹni tó gbà á, àti bóyá nǹkan dé, kò sí nínú àṣírí náà. Bí ó bá sì di dandan kí àwọn ìwé kan má bọ́ sí ìta, ìgbìmọ̀ aṣòfin lè jókòó nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí wọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò ní ìlà dé ìlà, kí wọ́n sì jáde wá sọ fún wa pé àwọn ti rí i.

Nínú ìlú kan ní Ìjùmú tí mo máa ń lọ, àwọn ará ìlú ń dá owó fún àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú lóru. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì ni akápò, ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya ló sì ń lò. Mo ti wo inú ìwé náà. Ó fi rúlà fa ìlà sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, ohun tí a rà, iye owó, orúkọ ẹni tó gbà á, àti àyè fún ìbuwọ́lùwé. Epo bẹntiróòlù fún ọ̀kadà, bátìrì tọ́ọ̀ṣì, ẹ̀tù fún ìbọn ṣakabùlà, káàdì ìpè, gàrí àti ẹ̀wà fún àwọn tó sùn sí ẹnubodè. Ẹni tí kò mọ ìwé kọ tẹ àtàǹpàkò rẹ̀. Níbi ìpàdé, ọ̀kan nínú àwọn àgbà obìnrin dìde, ó ní, “Ọmọ mi, bẹntiróòlù tí ẹ gbà lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, ibo ni ẹ gbé e gbà?” Olórí ọdẹ náà dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó sì ṣàlàyé ọ̀nà oko tí wọ́n gbà, ibi tí wọ́n ti rí ẹsẹ̀ àwọn àjèjì, àti ìdí tí wọ́n fi ní láti yí padà. Màmá náà ní, “Ẹ ṣeun, kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín.” Kò sí ẹni tó fi ẹ̀sùn olè kan ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó bínú. Ó dáwó, ó sì béèrè. Mo ń fi ìwé yìí wé ìwé ìṣúná orílẹ̀-èdè lọ́kàn mi nígbà gbogbo, nítorí pé ohun tó wà níbẹ̀ tí kò sí ní Àbújá ni òpó tó gbẹ̀yìn, ìyẹn ibi tí ẹni tó gba owó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí i pé nǹkan dé ọwọ́ òun.

Owó tí a ń dá fún àwọn ọdẹ wọ̀nyí tún fi hàn pé àwa ará ìlú ń sanwó ààbò lẹ́ẹ̀mejì. A ń san án nípasẹ̀ owó orí àti owó epo rọ̀bì tó jẹ́ ti gbogbo wa, a sì tún ń san án láti inú àpò ara wa. Mo mọ àgọ́ ọlọ́pàá kan ní agbègbè wa tí ẹni tó lọ fi ẹjọ́ sùn ní láti kọ́kọ́ wá owó epo fún ọkọ̀ kí wọ́n tó lè bá a dé ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Owó epo wọn wà nínú ìwé níbì kan, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nípa àwọn tó ń fi owó ilé ẹ̀kọ́ dojú kọ owó ààbò, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbójú sókè wo ìlà mìíràn. Nínú àbá ọdún 2026 kan náà, ₦15.52 tírílíọ̀nù ni wọ́n yà sọ́tọ̀ láti fi san gbèsè àti èlé rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta owó ààbò, ó sì ju owó ààbò, ẹ̀kọ́ àti ìlera lọ bí a bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, nítorí pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ju ₦11.41 tírílíọ̀nù lọ. Olùkọ́ àti ọmọ ogun ń du egungun kan náà nígbà tí ẹran ti bá ibòmíràn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ owó fún iléèwé ní tòótọ́, ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀ ni bí a ṣe ń yáwó àti ohun tí a fi ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ kò tán sí Àbújá. Àwọn gómìnà ń gba owó ààbò tí wọ́n ń pè ní “security vote,” tí wọn kì í jíhìn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2018, àjọ Transparency International ṣírò rẹ̀ pé ó ju $670 mílíọ̀nù lọ lọ́dún kan káàkiri orílẹ̀-èdè. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Bí a bá wá yí òfin padà lọ́la, tí abala 214 tó ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni a gbọ́dọ̀ ní bá gbà kí ìpínlẹ̀ ní tiwọn, ìbéèrè owó yìí kan náà ni yóò bá wa dé Lọ́kọ́ja. Mo wà lára àwọn tó ń fẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù yóò bà mí bí owó wọn bá gba ọ̀nà kan náà tí “security vote” ń gbà.

Sẹ́nétọ̀ kan ló ń ṣojú ìwọ̀-oòrùn Kogí, aṣojú mẹ́ta sì wà ní ilé kejì: ọ̀kan fún Kàbà/Bùnú àti Ìjùmú, ọ̀kan fún Yàgbà méjèèjì àti Mọ̀pàmúró, ọ̀kan fún Lọ́kọ́ja àti Kotonkárfẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa kọ sínú lẹ́tà sí wọn kò pọ̀. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ètò ààbò iye tó jáde fún un nínú owó iṣẹ́ àkànṣe ọdún 2024 àti 2025, lóṣooṣù. Kí wọ́n béèrè èyí tó wà fún agbègbè wa nínú rẹ̀, ìyẹn àwọn ibùdó ológun àti àgọ́ ọlọ́pàá láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Bùnú, bóyá iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n ṣe òfin tí yóò fún ìgbìmọ̀ aṣòfin lágbára láti yẹ gbogbo ìwé ríra ohun ìjà wò lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì, kí ihò tó wà nínú òfin ọdún 2007 lè dí. Kí wọ́n sì wá sílé wá jábọ̀ fún wa ní gbangba. Bí wọ́n bá kọ̀ láti dáhùn, òfin òmìnira ìròyìn (FOI) ọdún 2011 fún wa ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé béèrè fúnra wa.

Àbá ìṣúná náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ Budget Office, mo sì ti yọ àwọn ojú ìwé tó jẹ mọ́ ètò ààbò jáde. Àwọn ìlà rẹ̀ pọ̀, orúkọ iṣẹ́ àti iye rẹ̀ sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹnì kan kò lè dá kà á tán. Mo ti bá akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè sọ̀rọ̀ pé kí a pín in láàárín ara wa nígbà ìpàdé tó ń bọ̀, kí àwọn tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa máa ṣàlàyé fún àwọn bàbá àti ìyá wa, kí a sì kọ gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá dárúkọ Kogí tàbí ìlú wa mọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wa, ẹ fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí akọ̀wé, kí a lè mọ iye ẹ̀dà tí a ó tẹ̀.